Kí A Tó Kan Ilẹ̀kùn Olùtọ́jú Ọkàn

Ní ọjọ́ àjọ̀dún bí irú èyí, àṣà wa ni láti ka orúkọ. A ń ka orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ tí wọ́n ṣán igbó ilẹ̀ yìí. A ń ka orúkọ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni tí ó wà lórí àga lónìí. A ń ka orúkọ àwọn ọmọ wa tí wọ́n di adájọ́, dókítà, bíṣọ́ọ̀bù àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí ìwé ìrántí kì í kà: orúkọ ẹni tí ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ wá síbi àjọ̀dún, tí ó kọ orin ilé-ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó rẹ́rìn-ín nínú àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì sùn dáadáa láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn àgbà ti wí i pé gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a kọ àpilẹ̀kọ yìí fún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti jẹ́ kí a mọ̀ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àìsàn ọpọlọ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 14, èyí tí í ṣe ọjọ́ orí ọmọ JSS 3. Àjọ kan náà sọ pé àwọn tí ó ń fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn káàkiri àgbáyé lọ́dọọdún lé ní 700,000, àti pé ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó ń pa àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 15 dé 29 jù lọ. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn tí ó gbọgbẹ́, àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa lónìí ni à ń sọ̀rọ̀ wọn, àti àwọn tí ó ti dìde kúrò lórí rẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

A kò kọ ọ́ láti rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n wá olùtọ́jú lọ. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni pé ẹni tí yóò bá lọ, kí ó lọ pẹ̀lú ìmọ̀, kí ó sì lọ pẹ̀lú ìbéèrè. Ìbẹ̀rù ohun tí a kò mọ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn kan lọ rárá. Àwọn mìíràn lọ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n sì sá padà, nítorí ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n rò. Abéèrè kì í ṣìnà.

Kí ni ìtọ́jú tí à ń wí yìí? Ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ ṣe ni. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, tí àwọn kan ń pè ní tẹ́rápíìsì, tí àwa yóò máa pè ní olùtọ́jú ọkàn, yóò jókòó pẹ̀lú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ní àkókò tí wọ́n jọ dá, níbi tí etí ẹlòmíràn kò lè dé. Wọn yóò jọ yẹ ìrònú, ìmọ̀lára àti ìṣe ẹni náà wò, títí ọ̀nà àtúnṣe yóò fi hàn. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀wọ̀n. Opó tí kò lè wọ yàrá ọkọ rẹ̀ láti ọdún kan lè lọ. Ẹni tí ó yọ nínú ìjàǹbá mọ́tò tí àyà rẹ̀ ń já ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ lè lọ. Ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lè lọ. Àgbà ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ń fi ọtí pa ìrònú rẹ́ lè lọ pẹ̀lú.

Orúkọ burúkú tí a ti fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ìdènà àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá fẹ́ bú ènìyàn, a ó ní Yábàá ni ó yẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí Àrò. Bẹ́ẹ̀, bí a bá mọ ìtàn Àrò, ìwúrí ni orúkọ náà ì bá jẹ́ fún wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adéoyè Lambo, ẹni tí a bí ní ọdún 1923. Ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni ni ó lọ bí àwa náà, nítorí Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta ni ó ti kàwé kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó gba àkóso ilé ìwòsàn Àrò ní ọdún 1954, kò fẹ́ ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ilé. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba àwọn aláìsàn sílé. Ìbátan kan a máa bá aláìsàn gbé níbẹ̀. Ní ọ̀sán wọn a lọ gba ìtọ́jú, ní àṣálẹ́ wọn a padà sí àárín ènìyàn. Ètò yìí di ohun tí gbogbo ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ibi tí a fi ń bú ara wa ni ayé ti wá kọ́gbọ́n.

Ìdènà kejì wà nínú ilé Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Àwọn kan gbàgbọ́ pé Kristẹni tí ó bá gbàdúrà kò gbọdọ̀ rẹ̀wẹ̀sì, àti pé ẹni tí ó bá wá olùtọ́jú lọ ti fi Olúwa sílẹ̀. A kò rí ẹ̀kọ́ yìí nínú Ìwé Mímọ́. Èlíjà, wòlíì tí ó pe iná sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì, ni ó jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù tí ó ń tọrọ ikú. Ọlọ́run kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó rán áńgẹ́lì kí ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kí ó sùn, ó tún bọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni Ó tó bi í ní ìbéèrè, tí Ó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oúnjẹ, oorun, ìbéèrè àti etí tí ó gbọ́: Ọlọ́run lo gbogbo wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù pẹ̀lú ṣe dáadáa ní ọjọ́ méje àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá ni nǹkan bàjẹ́. A kò bẹ̀rù láti gba oògùn ibà lẹ́yìn àdúrà. Kí ni a ṣe ń bẹ̀rù láti tọ́jú ọkàn lẹ́yìn àdúrà?

Bí a bá ti la ìdènà méjèèjì yìí kọjá, ó ku ìbéèrè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni ẹ, níbo ni ẹ sì ti kọ́ṣẹ́? Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Dókítà àrùn ọpọlọ jẹ́ oníṣègùn tí ó tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i nípa ọpọlọ. Òun ni ó lè kọ oògùn fún ni, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn dókítà ní Nàìjíríà, kí ó sì máa sọ ìwé-àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún. Onímọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá tí ó kọ́ nípa ìtọ́jú aláìsàn kì í kọ oògùn. Ọ̀rọ̀ àti àyẹ̀wò ni irinṣẹ́ rẹ̀. Agbani-nímọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nípa ẹ̀kọ́ àti ìwà, ó sì yẹ kí ó mọ ìgbà tí ọ̀ràn ti ju agbára rẹ̀ lọ. Pásítọ̀ ń ṣọ́ agbo. Kì í ṣe gbogbo pásítọ̀ ni ó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn. Ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí àti ẹgbẹ́ tí olùtọ́jú náà wà, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó ń bojú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí irú ìbéèrè báyìí. Ẹni tí ó bá bínú ti dá yín lóhùn.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun náà kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo ẹni tí ó kọ orúkọ yìí sára ilẹ̀kùn ni òfin mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò dá ẹnikẹ́ni dúró láti pe ara rẹ̀ ní tẹ́rápíìsì. Àwọn orúkọ kan bí ti onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí ń tọ́jú aláìsàn ni òfin dáàbò bò. Nítorí náà ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wọn ni kí a yẹ̀ wò. Ètò ìlera ìjọba níbẹ̀ sì gbà kí àgbàlagbà fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ ṣe, láìjẹ́ pé dókítà kọ́kọ́ kọ̀wé fún un, kò sì ní san owó. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fúnni ní ìwé-àṣẹ tirẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ti àṣírí, òun ni ó sì wúwo jù fún àwa tí a mọ ara wa tán. Nínú ìlú tí ìyá ìyàwó, alàgbà ìjọ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti jẹ́ ìbátan, ta ni yóò tú inú rẹ̀ jáde bí kò bá dá a lójú pé ọ̀rọ̀ náà kò ní pàdé rẹ̀ lọ́jà? Òfin iṣẹ́ olùtọ́jú ọkàn ni pé kí ó pa ohun tí ó gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ààlà wà. Bí ó bá hàn pé ẹni náà fẹ́ pa ara rẹ̀, tàbí pé ó fẹ́ pa ẹlòmíràn lára, tàbí pé ẹnì kan ń fi ìyà jẹ ọmọdé, olùtọ́jú lè ní láti sọ fún àwọn tí ó lè gba ẹ̀mí là. Ilé ẹjọ́ pẹ̀lú lè béèrè àkọsílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàlàyé ààlà wọ̀nyí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè pẹ̀lú bí ó ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, àti ẹni tí ó lè kà á. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí a jogún láti ìgbà ìjọba amúnisìn. Òfin tuntun náà ka ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú sí ènìyàn tí ó ní ẹ̀tọ́, títí kan ẹ̀tọ́ sí àṣírí.

Ìbéèrè kẹta: báwo ni a ó ṣe máa ṣe é, èló ni, yóò sì pẹ́ tó? Ìjókòó kan máa ń tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, ó sì sábà máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, olùtọ́jú ni yóò béèrè ọ̀rọ̀ jù: oorun, oúnjẹ, ìdílé, àìsàn tí ó ti ṣe ni rí, oògùn tí a ń lò. Ẹ má ṣe fi èyí pamọ́, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìsàn ẹṣẹ́ inú ọrùn lè fara jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àyẹ̀wò dókítà ni yóò sì fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ jọ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ó yí padà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ ń tẹ̀ síwájú. Ẹ béèrè iye owó kan pàtó, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá lè wá ní ọjọ́ kan. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba bí Àrò, Yábàá, àti ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú ọpọlọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọ̀nà ìtọ́jú pọ̀. Ọ̀kan tí a ti dán wò púpọ̀ ni èyí tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Aaron Beck, gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ó ṣàkíyèsí pé èrò kan máa ń já wọ ọkàn ẹni tí ó rẹ̀wẹ̀sì láìdúró gba àṣẹ, ẹni náà a sì gba èrò yìí bí òótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ gba òdo nínú ìṣirò, èrò náà a sì wí pé, "Òdo ni èmi fúnra mi." Olùtọ́jú yóò kọ́ ọ kí ó kọ èrò náà sílẹ̀, kí ó wá ẹ̀rí tí ó gbè é àti èyí tí ó ta kò ó, kí ó sì tún dán ohun kékeré kan wò kí ìjókòó mìíràn tó dé. Irú ìtọ́jú yìí sábà máa ń gba ìjókòó 6 sí 20. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí ó ń yẹ ìgbà èwe àti ọgbẹ́ àtijọ́ wò, tí ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè èyí tí olùtọ́jú ń lò, àti ìdí tí ó fi rò pé ó bá ọ̀ràn yín mu.

A fẹ́ kí ó yé ni pé iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ẹni tí ó lọ ni ó sì pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá retí pé kí olùtọ́jú sọ fún òun bóyá kí òun kọ ọkọ òun tàbí kí òun dúró, yóò bínú, nítorí olùtọ́jú rere kì í bá ni gbé ayé ẹni. Ìbéèrè ni yóò máa bi í, nígbà mìíràn yóò sì dákẹ́. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé lẹ́yìn ìjókòó kejì tàbí ìkẹta ọkàn a wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí egbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi omi gbígbóná wẹ̀. Kì í ṣe àmì pé ìtọ́jú ti kùnà ni. Ẹ sọ ọ́ fún olùtọ́jú náà, kí ẹ má kàn dẹ́kun lílọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a fi ń pa àmúkùrù tí ó wà lórí ìpọ̀n.

Síbẹ̀, sùúrù kò ní kí a fara da ohun tí kò tọ́. Kò yẹ kí olùtọ́jú jẹ́ ìbátan yín, ọ̀rẹ́ yín tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣòwò. Kò gbọdọ̀ bá yín ní ìbálòpọ̀, kò gbọdọ̀ yá owó lọ́wọ́ yín, kò gbọdọ̀ fi ìgbàgbọ́ yín ṣe ẹlẹ́yà. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ nà yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá ó gbọ́ Yorùbá, nítorí ìbànújẹ́ wà tí ènìyàn kò lè sọ ní èdè tí ó kọ́ nínú ìwé. Bí ẹ bá ti lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, tí ara yín kò sì balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lè dúpẹ́ kí ẹ wá ẹlòmíràn. Olùtọ́jú kan kò bá gbogbo ènìyàn mu.

Sí ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan: bí ẹ bá mú ọmọ lọ, ẹ má ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà láti bi í pé, "Kí ni o sọ nípa wa?" Olùtọ́jú yóò sọ ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ fún ààbò ọmọ náà. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ti ọmọ. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ìyá òun yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ kò ní sọ èyí tí ó ń pa á lára.

Ọ̀ràn kan wà tí kò gba ìbéèrè púpọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tí ó ti ń wá ohun tí yóò fi ṣe é, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìjókòó. Ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó ohun tí ó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù lọ ní wákàtí náà. Bíbi ènìyàn pé, "Ṣé o ń rò láti pa ara rẹ ni?" kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn, ó ń fún un ní àyè láti sọ òtítọ́.

Ìmọ̀ràn wa sí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti sí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ yìí kò pọ̀. Ẹnu ọ̀nà tuntun dára, gbọ̀ngàn tuntun sì dára. Kí a yọ díẹ̀ nínú owó àjọ̀dún sílẹ̀ fún agbani-nímọ̀ràn tí ó kọ́ṣẹ́ ní tòótọ́, kí a sì fún un ní yàrá tí ọmọ lè wọ̀ láìjẹ́ pé gbogbo olùkọ́ rí i. Kí ó má ṣe jẹ́ ẹni kan náà tí ó ń na ọmọ lẹ́gba. Kí ó ní orúkọ ilé ìwòsàn tí yóò máa darí ọ̀ràn tí ó bá wúwo sí. Àti ní àárín àwa àgbà, bí ẹlẹgbẹ́ wa kan bá kọ ọ́ sí orí WhatsApp pé ó rẹ òun, kí a má ṣe sáré fi ẹsẹ Bíbélì pa á lẹ́nu mọ́. Kí a kọ́kọ́ bi í pé, "Báwo ni ó ṣe rẹ̀ ọ́? Láti ìgbà wo?" Kí a sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn náà kí a bá a gbàdúrà, kí a bá a wá olùtọ́jú tí ó ní ìwé-àṣẹ, kí a sì bá a dé ẹnu ilẹ̀kùn bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí Olúwa mú wa ṣe àjọ̀dún mìíràn, kí a má sì rí àga òfo nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò rí ẹni sọ ọ́ fún.